Téèpù Mi Ní Kì Í Ṣe Sísanra Ni Mo Ń Sanra

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo bí àkọ́bí mi. Ó ti pẹ́. Ogun abẹ́lé tó dé Ọ̀rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lọ ni, àwọn ṣọ́jà ṣì ń dá mọ́tò dúró lójú títì. Ṣùgbọ́n mo rántí gbogbo rẹ̀ dé orí ínǹṣì, nítorí pé mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Aránṣọ ni mí. Òkìtìpupa ni mo ti ń ránṣọ, ní yàrá iwájú ilé tí èmi àti Akíntúndé ọkọ mi háyà. Akíntúndé ń ṣe akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Èmi ka ìwé dé Modern School, mo sì fẹ́ràn ìwé Haijín, ìwé ìmọ́tótó àti ara ènìyàn, ju gbogbo ìwé yòókù lọ. Mo parí ilé ìwé tán, n kò jẹ́ kí ìwé náà kúrò lọ́dọ̀ mi. Àwòrán ọkàn wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú yàrá mẹ́rin tó ní, mo sì mọ yàrá kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe mọ orúkọ àwọn àbúrò mi. Àwọn oníbàárà mi a máa pè mí ní dókítà alábẹ́rẹ́. Wọ́n rò pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Nígbà tí mo bí Títílayọ̀, ìyá ọkọ mi gbéra láti Ìkọ̀yà wá tọ́jú mi. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Iṣẹ́ epo ló ń ṣe, apá rẹ̀ sì le bí ọmọ odó. Ó gbé ẹja gbígbẹ wá, ó gbé ewé marúgbó tí a fi ń se ọbẹ̀ wá, ó gbé pupurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti epo. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ó fẹ́ wá ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa nígbà náà. Ìyá ìkókó kì í jáde fún ogójì ọjọ́. Omi tó gbóná janjan ni wọ́n fi ń wẹ̀ fún un láàárọ̀, wọ́n á tún wẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́, wọ́n á fi aṣọ tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀. Ọbẹ̀ tí iyọ̀ àti ata rẹ̀ múná ló ń jẹ. Bí ogójì ọjọ́ bá pé, wọ́n á mú un lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ náà, ẹ má rò pé ọmọ ni àwọn èèyàn ń wò. Ìyá ni! Bí ọrùn rẹ̀ bá kún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi, ìyá ọkọ rẹ̀ gba oríyìn. Bí ó bá rù, ìyá ọkọ kò ní lè gbójú sókè láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ta ni inú rẹ̀ fẹ́ bàjẹ́, nígbà náà, pé ìyá ìkókó ń tóbi?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ kún, bàtà kò wọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ojú mi. Ìyá Gààrí tó ń gbé ilé kejì sí tiwa wọlé wá kí wa, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Yèyé, ṣé ẹ ò ní fi ọbẹ̀ yín bẹ́ ìyàwó yìí báyìí?"

Yèyé ní, "Bó bá bẹ́, á rán ara rẹ̀. Ṣebí aránṣọ ni."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà gba èémí lẹ́nu mi, mo sì di ara ògiri mú kí n tó rí òmíràn mí.

Aṣọ ìdúpẹ́ mi ló tú àṣírí. Mo ti wọn ara mi ní ọ̀sẹ̀ kejì yẹn, mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Ìbàdí, ínǹṣì méjìlélọ́gbọ̀n. Apá lókè, mọ́kànlá. Mo gé aṣọ kọ́tìn aláwọ̀ ojú ọ̀run, mo rán gáùn náà díẹ̀díẹ̀, torí pé bí mo bá wa ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti rẹ̀ mí bí ẹni tó gún iyán fún ìlú. Ọjọ́ kẹjọ ni mo wọ̀ ọ́ wò. Ìbàdí kò pàdé. Mo wọn ara mi: márùndínlógójì. Ínǹṣì mẹ́ta láàárín ọjọ́ mẹ́jọ!

Èyí kọ́ ló dá mi dúró o. Ohun tó dá mi dúró ni apá aṣọ náà. Ó fẹ̀ jù, ó ń jó lára mi. Mo fa téèpù, mo wọn apá mi, mo bá mẹ́wàá. Mo tún un wọ̀n. Mẹ́wàá náà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ẹ bá mi dá a lóhùn: ẹni tó ń sanra, ṣé apá rẹ̀ a máa rù? Mo ti wọn ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ obìnrin. Ẹni tó bá sanra, apá á sanra tẹ̀lé e. Bí ìbàdí bá ń lọ sókè tí apá ń bọ̀ wá sílẹ̀, nǹkan mìíràn ni wọ́n dà sínú àpò náà.

Mo jókòó, mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mi. Ó jinnú bíi kòtò. Mo ka oókan, èjì, títí mo fi ka ọgbọ̀n kí kòtò náà tó dí. Omi ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wọn ọrùn ẹsẹ̀ mi láràárọ̀ kí n tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀. N kò mọ iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí kí ni aránṣọ fẹ́ fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣe? Ọjọ́ Ajé, mẹ́sàn-án. Ọjọ́bọ̀, mẹ́sàn-án àbọ̀. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mẹ́wàá àbọ̀. Mo kọ àwọn nǹkan mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ìrọ̀rí mélòó ni mo fi sùn, nítorí bí mo bá nà gbalaja, ṣe ló ń dà bíi pé mo rì sódò. Ìrọ̀rí kan di méjì, méjì di mẹ́ta, ó wá di pé mo ń jókòó sùn. Ọkàn mi ń sáré bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹni tó ń wà á ti sọ orí rẹ̀ nù.

Mo pe Yèyé. Mo ní, "Yèyé, ara mi ò yá. Omi ló wà lára mi."

"Omi báwo? Ṣé kànga ni ọ́?"

"Ẹ tẹ ojúgun mi wò."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó rí kòtò náà. Ó ní ara ìyá ìkókó a máa rọ̀.

"Apá mi ń rù, Yèyé. Téèpù ló wí bẹ́ẹ̀."

"Téèpù rẹ ti gbó. Ra òmíràn."

Akíntúndé mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń fúnni lóògùn nítòsí wa. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, ó wò ó fìrí, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ni kò tó. Ó fún mi ní ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ kan, ó ní kí n máa jẹ ọbẹ̀ dáadáa. Kò wo ẹsẹ̀ mi. Mo fi ìwé ìwọ̀n mi hàn án, ó béèrè bóyá mo lè rán ṣòkòtò. Inú Yèyé dùn bí a ṣe délé. Ó ní ṣé a ti gbọ́, ọbẹ̀ ni wọ́n wí. Ó fi kún iyọ̀ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta lẹ́yìn èyí, téèpù ní mọ́kànlá.

Yèyé gbé omi gbígbóná dé, ooru ń rú lórí rẹ̀. Mo wò ó, mo ní n kò wẹ̀. Ó rò pé eré ni. Mo ní n kò wẹ omi gbígbóná mọ́, n kò jẹ ọbẹ̀ oníyọ̀ mọ́, n kò sì ní dúró de ogójì ọjọ́. Mo ń lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú àyà, lónìí.

Ìyá Gààrí ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní láyé, ìyá ìkókó kì í fojú kan ọ̀nà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Mo ní, "Bí ojú mi ò bá kan ọ̀nà lónìí, ẹ̀yìn mi á kan ilẹ̀ lọ́la."

Yèyé gbé omi náà kalẹ̀, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa wí ní Ìkọ̀yà pé ọwọ́ mi ni ìyàwó Akíntúndé ti ṣàìsàn?"

Mo ní, "Bí mo bá kú síbí, Yèyé, ohun tí wọ́n máa wí ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ náà le. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń jáde. Ṣùgbọ́n ká ní mo mú un rọ̀ lọ́jọ́ náà, ta ló fẹ́ máa kọ èyí fún yín?

Yèyé ti omi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní, "Èmi náà ń lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ parọ́ mọ́ mi, ojú mi ni kí wọ́n ti pa á." Ó pọn Títílayọ̀ sẹ́yìn. Akíntúndé ti sáré lọ bá onílọ́rì sọ̀rọ̀ kí wọ́n fún mi ní iwájú, nítorí n kò lè nà sílẹ̀, n kò sì lè gun ẹ̀yìn. Nígbà tí a dé Ọ̀rẹ̀, àwọn ṣọ́jà ní kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wo ẹsẹ̀ mi, ó fọwọ́ júwe fún awakọ̀ pé kó máa lọ.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó gba orúkọ mi rí ìwé náà, ó béèrè pé ta ló ní kí n máa wọn ara mi. Mo ní ta ló fẹ́ bá mi wọ̀n ọ́n? Ó ní kí n lọ jókòó.

Dókítà náà ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ọmọ Yorùbá ni. Ó ṣí ìwé mi. Ó kọ́kọ́ ṣí ibi tí mo kọ ìwọ̀n àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin sí, ó yára pa á dé. Mo bá a ṣí ojú ewé tèmi. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀: ọrùn ẹsẹ̀, ìbàdí, apá, ìrọ̀rí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ jókòó dáadáa. Mo fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀."

Ó yẹ ìtọ̀ mi wò bóyá kíndìnrín ni, kíndìnrín kọ́. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò; ẹ̀jẹ̀ mi tó! Mo fẹ́ kí ọkùnrin onígò yẹn wà níbẹ̀. Ó fetí sí àyà mi pẹ́, ó ní ọkàn tó yẹ kó máa lù lẹ́ẹ̀mejì ń lù bíi ti ẹṣin tó ń sáré, ìró mẹ́ta mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ya X-ray.

Ó gbé fíìmù náà sí ojú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá. Egungun ìhà mi nìyẹn, bí ìlà aṣọ. Àárín wọn ni nǹkan funfun ńlá kan jókòó sí bí àpò gààrí. Ó mú rúlà. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi téèpù mi wọ̀n ọ́n? Ó wò mí, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Inú àyà láti ìhà kan sí ìkejì: ínǹṣì mẹ́wàá. Ọkàn níbi tó fẹ̀ jù: mẹ́fà àbọ̀.

Dókítà ní, "Ó yẹ kó má ju ìdajì àyà lọ."

Mo ní, "Márùn-ún. Ó fi ínǹṣì kan àbọ̀ lé."

"Ẹran ara ọkàn yín ló ti nà. Ó fẹ̀, ó sì fẹ́lẹ́, agbára láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde kò tó mọ́. Omi tí ẹ̀jẹ̀ yẹ kó gbé lọ ló ń dúró sẹ́sẹ̀ àti sínú ẹ̀dọ̀fóró."

"Bíi rọ́bà ìbàdí tó gbó," ni mo wí. "Ó fẹ̀, kò lè fà padà."

Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, òun á máa fi ṣàlàyé fún àwọn mìíràn.

Mo béèrè ohun tó fà á. Ẹ gbọ́ ohun tó wí, nítorí pé òun ló jẹ́ kí n fọkàn tán an títí di òní. Ó ní àwọn kò mọ̀. Ó ní àwọn obìnrin kan wà tí ọkàn wọn máa ń ṣe báyìí ní oṣù tó kẹ́yìn oyún tàbí láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, pé àwọn dókítà ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀, wọ́n ṣì ń wádìí.

Yèyé gbé orí sókè. "Dókítà, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ṣé ọbẹ̀ mi ni?"

Mo gbàgbé ẹsẹ̀ mi. Gbogbo wa ń wo ẹnu ọkùnrin yẹn.

Ó ní, "Màmá, n kò lè sọ pé ẹ̀yin lẹ fà á, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n iyọ̀ a máa dá omi dúró lára, ooru sì ń mú ọkàn ṣiṣẹ́ kún iṣẹ́. Ọkàn tó ti rẹ̀, ẹ kì í gbé ẹrù lé e."

Yèyé ní, "Kí wọ́n sì ti sọ ọ́ fún wa."

Wọ́n dá mi dúró. Oògùn kan ń mú ọkàn mi lù pẹ̀lú agbára, òmíràn ń lé omi jáde. Mo tọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bíi pé mo fẹ́ mú ọ̀sà kún. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fẹnu kan iyọ̀. Yèyé wá ibì kan háyà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ó ń se marúgbó aláìníyọ̀ fún mi. Ó tọ́ ọ wò, ó fa ojú ro. "Èyí kì í ṣe ọbẹ̀. Ìyà ni." Ṣùgbọ́n inú àwo kan náà ló ti bá mi jẹ ẹ́, lójoojúmọ́, kò sì se tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Mọ́kànlá di mẹ́wàá. Mẹ́wàá di mẹ́sàn-án. Ìrọ̀rí mẹ́ta di ọ̀kan. Nígbà tó yá, téèpù dúró lórí mẹ́jọ àbọ̀, kò lọ mọ́. Ibẹ̀ ni mo tó mọ ọrùn ẹsẹ̀ mi.

Ogójì ọjọ́ ti kọjá tipẹ́tipẹ́ kí n tó lọ dúpẹ́. Mo ti tú gáùn náà nígbà tí mo wú, mo tún fún un wọlé nígbà tí mo fọn. Egungun ọrùn mi yọ síta. Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ àwọn obìnrin ilé ọkọ mi. Ọ̀kan ní, ṣé ebi ni Yèyé fi pa á ni? Òmíràn ní ó kúkú jọ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni mo fẹ́ dá wọn lóhùn. Yèyé fọwọ́ tì mí sẹ́yìn. Ó yíjú sí wọn, ó ní, "Ó rù. Ó sì ń mí. Èwo lẹ fẹ́ nínú méjèèjì?"

Ó fà mí lọ́wọ́. A wọlé.

Dókítà ti kìlọ̀ pé bí mo bá tún lóyún, ọkàn náà lè nà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àbúrò bàbá ọkọ mi gbọ́, ó wá láti Akotogbo wá sọ fún wa pé ọmọbìnrin kan kì í ṣe ilé. Mo gbé ìwé ìwọ̀n fún un. Ó ní òun ò wá ka ìwé. Akíntúndé ní ọmọ kan tó ní ìyá tẹ́ òun lọ́rùn ju ọmọ mẹ́ta tó ń sunkún ìyá lọ. Bàbá náà bínú lọ. A jẹ́ kó lọ.

Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ nípa ọkàn tó ń fẹ̀ ni mo ń kà. Mo ti rí i pé ẹ̀rọ wà báyìí tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn bó ṣe ń lù gan-an, kì í ṣe òjìji rẹ̀ lásán, tó sì ń sọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde. Mo rí i pé àìsàn náà a máa rìn nínú àwọn ìdílé kan, nítorí náà nígbà tí Títílayọ̀ lóyún, mo mú un lọ. Ó ní òun ò ṣàìsàn. Mo ní èmi náà ò ṣàìsàn, mo ń sanra ni. Ọkàn rẹ̀ dára. Mo ní kí wọ́n ka ìwọ̀n rẹ̀ fún mi, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Yèyé ńkọ́? Kò mọ òǹkà kà. Ó ní kí n bá òun so òwú kan ní kókó kókó, ó sì ń mú òwú náà kiri ilé àwọn ìyá ìkókó ní Ìkọ̀yà, ó ń fi yí ọrùn ẹsẹ̀ wọn ká láti wo kókó tó bá dé. Kókó kan lọ́sẹ̀ yìí, bó bá di méjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ariwo ni. Wọ́n bú u, wọ́n ní ó ń wọn èèyàn fún pósí. Ó tún gba ilé mìíràn lọ. Obìnrin kan láti Àjàgbà wà láàyè nítorí òwú yẹn. Nígbà tí Yèyé kú, nínú àpò rẹ̀ ni a ti rí i, ó ti dúdú fún epo.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ìyìn dí yín lójú. Bí wọ́n bá ń sọ pé ara ìyá ìkókó ti ń bọ̀ sípò, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, kí ẹ kà. Bí kò bá lè nà sùn, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan. Ẹ gbé e lọ. Bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ ni, tí ẹ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kọ́, ẹ tún gbé e lọ síbòmíràn.

Gáùn aláwọ̀ ojú ọ̀run náà ṣì wà nínú àpótí mi. Bí ẹ bá yí ìbàdí rẹ̀ sóde, ẹ máa rí ojú abẹ́rẹ́ níbi mẹ́ta: ibi tí mo rò pé mo wà, ibi tí omi gbé mi dé, àti ibi tí mo padà sí.

Ta ló tún rí irú èyí, lára rẹ̀ tàbí lára ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyàwó rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa kà á. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ pè é? Ta ló kọ̀ láti gbà? Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá wọn nǹkan kan, ẹ fi òǹkà rẹ̀ sí i.